Bàtà tí ìdérí gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣeé pààrọ̀: kí la fẹ́ gba páténtì lé lórí gan-an?

Alawo_Lafenwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Bàtà kan ló wà nílẹ̀ tí a fẹ́ gba páténtì lé lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ wa sọ́nà kí owó tó jáde lápò.

Sneaker ni, nọ́ńbà 40 sí 45. Lẹ́yìn gìgísẹ̀, lára sóòlù, a rì ilé kékeré kan tí a fi náílọ́ọ̀nù líle ṣe mọ́ ọn. Inú rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 34, ó ga ní 18, ó jìn ní 9. Iná LED mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú bátìrì 3.7V tín-ín-rín àti sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìṣísẹ̀. Ìdérí kan ló bo ojú ilé náà. Ọwọ́ lásán lèèyàn fi ń yọ ọ́ tó fi ń ki òmíràn bọ̀ ọ́: aláwọ, aládìrẹ, èyí tó mọ́ gaara kí iná lè hàn, èyí tó dí pátápátá fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta la ti ń ra àdìrẹ tó wà lórí rẹ̀.

Ṣé èyí tó ohun tí wọ́n ń fún ní páténtì, nígbà tí Crocs ti ní ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń kì bọ ihò bàtà? Ṣé bàtà la máa kọ sínú ìwé ni àbí ìdérí? Ọmọkùnrin kan ló bá wa ya fáìlì 3D rẹ̀, a sì sanwó fún un: ta ló ni ín? Oníbàárà kan tún fẹ́ ká pàtẹ rẹ̀ síbi ìpàtẹ ọjà lóṣù tó ń bọ̀. A ò tíì ta ẹyọ kan, a ò sì tíì gbé àwòrán rẹ̀ síbì kankan.

Agbejoro_OkeMosan

Ẹ má pàtẹ rẹ̀. Èyí ni mo kọ́kọ́ dáhùn torí pé òun nìkan ló lè ba gbogbo ìyókù jẹ́.

Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà ni Patents and Designs Act, èyí tó ti wà láti 1970, tó sì jẹ́ Cap P2 nínú àkójọ òfin 2004. Abala 1 rẹ̀ ní kí ohun tí èèyàn fẹ́ gba páténtì lé lórí jẹ́ tuntun, kó ní ọgbọ́n àrà nínú, kó sì jẹ́ ohun tí iléeṣẹ́ lè máa ṣe jáde. Ọ̀rọ̀ "tuntun" yẹn le. Bí ará ìta bá ti lè rí i tàbí kà nípa rẹ̀, níbikíbi láyé, kí ìwé yín tó wọlé, kì í ṣe tuntun mọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi hàn. Àyè kan tí òfin fi sílẹ̀ ni ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba ṣe tàbí tí wọ́n fọwọ́ sí, kó má sì tíì ju oṣù mẹ́fà lọ kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀. Ìpàtẹ tí ẹgbẹ́ oníṣòwò ṣe ní Kútọ̀ kò wọ ibẹ̀. Sítátọ́ọ̀sì WhatsApp náà, ìta gbangba ni. Bí oníbàárà yẹn bá gbọ́dọ̀ rí bàtà náà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àṣírí. Ojú ewé kan tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ irú ilé tí ẹ ń lọ. Ní Àbújá, fọ́ọ̀mù ni ilé ìforúkọsílẹ̀ ń yẹ̀ wò, wọn kì í wádìí bóyá àrà náà jẹ́ tuntun lóòótọ́. Bí ìwé bá pé tí owó sì wọlé, páténtì á jáde. Abala 4 sì sọ ọ́ kedere pé ewu ẹni tó gbà á ni, ìjọba ò dúró fún un. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ẹni tó jí tiyín lọ sí Federal High Court ni àyẹ̀wò tòótọ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí agbẹjọ́rò tiẹ̀ á ní kí adájọ́ fagi lé e lábẹ́ abala 9. Ẹ má fi ìwé ẹ̀rí yẹn yangàn rárá. Kíléèmù ni kẹ́ ẹ mójú tó, ìyẹn àwọn gbólóhùn tó ń sọ ibi tí ẹ̀tọ́ yín bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ní ti Crocs, Jibbitz tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2005 kì í ṣe ìṣòro yín. Ọ̀ṣọ́ ni, kò bo ohunkóhun. Heelys ló sún mọ́ yín: páténtì Amẹ́ríkà 6,406,038 ti 2002, táyà inú gìgísẹ̀ tó ṣeé yọ, wọ́n sì ń ta ìdérí tí wọ́n fi ń dí ihò rẹ̀. Nike+ ti 2006 ní àpò fún sẹ́ńsọ̀ lábẹ́ ìnsóòlù ẹsẹ̀ òsì. Bàtà oníná ti kún ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Bí ẹ bá wá kọ ọ́ pé "bàtà tó ní ohun-èlò nínú àti ìdérí tó ṣeé yọ", mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí á para pọ̀ wó o.

Ibi tí ẹ̀tọ́ yín lè dúró sí ni ìsopọ̀: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí iná àti bátìrì nígbà tí ìdérí bá kúrò? Bí omi ò bá lè wọlé síbẹ̀ nígbà tí kò sí ìdérí, ẹ ní nǹkan lọ́wọ́. Ẹ ò sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọmọkùnrin 3D: abala 2 ní bí wọ́n bá gbéṣẹ́ fún èèyàn tó fi hùmọ̀ nǹkan, ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ló ni ẹ̀tọ́. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé pé ó gbé gbogbo rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Bí òun ló ronú kan bí ìdérí ṣe ń há, ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀, àdéhùn kankan ò sì lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ wọ̀n fún un nìkan ló yà, olùrànlọ́wọ́ ni, kò sí nínú orúkọ.

Alawo_Lafenwa

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ká sòótọ́, ìdérí òde yẹn náà ló ń dí omi báyìí. Wáṣà rọ́bà wà létí rẹ̀. Béèyàn bá yọ ọ́, pátákó iná hàn síta.

Enjinia_Ojere

A jẹ́ pé ẹ ò tíì parí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má tíì kọ̀wé. Wáṣà tó wà lára ohun tí wọ́n ń yọ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́. Ètè rẹ̀ á yí, iyanrìn á há sábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ni bátìrì máa kú. Ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì: ọmọrí inú ni kó máa dí omi, ìdérí òde ni kó máa ṣe ẹwà.

Ọmọrí inú: polycarbonate (ike líle) tó mọ́ gaara, nípọn mílímítà 1.2, kó jókòó lórí wáṣà sílíkóònù tó nípọn mílímítà 1. Ìṣó kékeré méjì tí à ń yí wọlé (screw) ni kẹ́ ẹ fi dè é, títí wáṣà á fi fún pọ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ẹ bá fún un jù, ọmọrí á tẹ̀ láàárín, omi á sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibi bátìrì gbọ́dọ̀ lo ìtúṣó. Èyí ò ṣeé fojú fò dá bí ẹ bá fẹ́ ṣe tọmọdé lọ́la tí ẹ sì fẹ́ lo bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, irú CR2032. Ọmọ tó bá gbé e mì lè kú.

Ìdérí òde: TPU (ike tó ń tẹ̀ bíi rọ́bà) tí líle rẹ̀ jẹ́ 95A lórí ìwọ̀n Shore. Ẹ ṣe ètè mílímítà 0.6 yí i ká, kó máa wọ ojú ọ̀nà tí ẹ gbẹ́ sí ara ilé náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ 3D lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹ fi àlàfo mílímítà 0.2 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kò ní wọlé; bó bá kọjá 0.3, yóò máa jábọ́. Ẹ jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ jìn ju tòkè lọ, torí pé láti ìsàlẹ̀ ni ìkọsẹ̀ ti ń ta á síta. Ojú ìdérí gbọ́dọ̀ wọnú ju etí sóòlù lọ ní ìdajì mílímítà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtẹ̀gùn àti etí gọ́tà ni yóò máa há a yọ. Ẹ gbẹ́ àyè èékánná sí i lápá kan, mílímítà 4.

Amọ̀ pupa tiwa yìí náà, ọ̀tá ni. Á wọnú ojú ọ̀nà yẹn, á gbẹ, ìdérí ò sì ní jókòó mọ́. Ẹ dá ihò mílímítà 2 sísàlẹ̀ ojú ọ̀nà náà kí omi àti amọ̀ lè máa bá ibẹ̀ jáde. Ẹ̀yin lẹ lè kọ ihò yìí sínú kíléèmù, torí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń yàtọ̀ sí ti àwọn tó ti ṣe é ṣáájú.

Bí ẹ bá ń ronú òòfà dípò ètè: òòfà neodymium gbogbogbòò máa ń pàdánù agbára bí ooru bá kọjá 80°C, ó sì máa ń fa èéfọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi táwọn oníwẹ́dà ti ń ṣiṣẹ́. Ooru yìí kan bátìrì náà. Gọ́ọ̀mù PU tí a fi ń lẹ sóòlù, ooru ni a fi ń jí i, bíi 60 sí 70°C, bátìrì líthíọ́ọ̀mù ò sì gbọdọ̀ kọjá 60. Nítorí náà, ilé òfìfo ló gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀rọ ìtẹ̀ pẹ̀lú sóòlù. Iná, sẹ́ńsọ̀ àti bátìrì á wọlé lẹ́yìn tí bàtà bá ti kúrò lórí láàsì (ère ẹsẹ̀ tí a fi ń mọ bàtà) tó sì ti tutù. Ẹ kọ ètò ìṣe yìí sínú ìwé kan náà. Òfin gbà kí kíléèmù fún ohun èlò àti fún bí a ṣe ń ṣe é wà nínú ìwé kan.

Náílọ́ọ̀nù kì í lẹ̀ mọ́ rọ́bà dáadáa. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gọ́ọ̀mù nìkan. Ẹ yọ ìyẹ́ mílímítà 3 sí ẹ̀yìn ilé náà, kẹ́ ẹ dá ihò sí i, kí ohun tí ẹ dà sí sóòlù lè gba ibẹ̀ kọjá kó sì dì í mú. Ẹ fi í sí gìgísẹ̀ nìkan. Níwájú, níbi tí bàtà ti ń ká, ilé líle á ya sóòlù láàárín oṣù díẹ̀.

Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú tiyín: láti nọ́ńbà kan sí èkejì nínú ìwọ̀n Yúróòpù, gígùn máa ń fi mílímítà 6.67 lé, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilé kan náà lè bá 40 dé 45 lọ, ìdérí kan náà á sì wọ gbogbo wọn. Ẹ fi ìyẹn sínú kíléèmù tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́.

Omo_Lisabi

Ẹ wádìí fúnra yín kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Espacenet àti PATENTSCOPE, àwọn ìkànnì tí èèyàn ti lè wá páténtì, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ nìkan wá a, ẹ lo nọ́ńbà ìpín tí wọ́n fi ń to páténtì: A43B 3/34 fún bàtà tó ní ohun oníná mànàmáná, A43B 3/36 fún èyí tó ní ìmọ́lẹ̀, A43B 3/24 fún bàtà tó ṣeé yí padà, A43B 23/24 fún ọ̀ṣọ́ ara bàtà. Ẹ wá fi "cap", "plug", "cover", "housing" àti "heel" kún un, torí pé oníkálukú ló ń pe ìdérí ní orúkọ tó wù ú. Ẹ má ka àkọlé. Àwòrán àti kíléèmù àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ wò. Ti Ṣáínà pọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ ìtumọ̀ ẹ̀rọ.

Nǹkan méjì táwọn èèyàn ń dà pọ̀: páténtì Amẹ́ríkà tí wọn ò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà kò lè dí yín lọ́wọ́ láti ṣe bàtà ní Láfẹ́nwá, ṣùgbọ́n ó lè ba jíjẹ́ tuntun tiyín jẹ́. Èyí tó ti kú ńkọ́? Bákan náà: ẹ lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò lè pè é ní tiyín.

Iya_Alaro

Àwọn ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ti aṣọ ni kí n sọ sí. Àwọn iṣẹ́ ọnà àdìrẹ bí Ìbàdàndùn, Olókun àti irú wọn, ti gbogbo wa ni. Ẹ ò lè forúkọ wọn sílẹ̀ bíi dìsáìnì tuntun, bẹ́ ẹ sì ṣe é, ẹnikẹ́ni ní Ìtòkú lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ya iṣẹ́ tuntun fún yín, ìyẹn yàtọ̀.

Kí àdìrẹ tó wọ orí TPU, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ẹlẹ́kọ ni tàbí alábẹ́là. Ẹ̀kọ láfún tó kù sára aṣọ kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù wọlé. Àbẹ́là le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí wọn ò bá sè é títí epo rẹ̀ á fi tán, ìdérí á ṣí létí lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, torí aró á yí mọ́ ìbọ̀sẹ̀ funfun, oníbàárà á sì dá bàtà padà fún yín. Ẹ lọ̀ ọ́ kó gbẹ kànkàn, kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi fíìmù TPU tín-ín-rín bò ó lójú, kí aṣọ má bàa ya létí.

Alawo_Lafenwa

Ẹ ṣé, Mà. A ti ń tún ilé náà yà bí Ẹnjiníà ṣe wí. Agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa wá kọ kíléèmù yẹn? Ọjà Kutọnu àti Gánà náà wà lọ́kàn wa.

Agbejoro_OkeMosan

Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ti àkọ́kọ́ nìyí, ẹ má sì fi ohun kan kún un:

"Bàtà kan tó ní sóòlù, ilé kan tí a rì mọ́ ara sóòlù náà tí ojú rẹ̀ kọ síta, ohun-èlò kan nínú ilé náà, ọmọrí inú tó dí ilé náà kí omi má bàa wọlé, àti ìdérí òde tó ń há sínú ojú ọ̀nà tó yí ọmọrí inú ká, tí a lè fi ọwọ́ yọ láìtú ọmọrí inú."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí LED níbẹ̀, kò sí àdìrẹ, kò sí mílímítà 34, kò sí gìgísẹ̀ pàápàá. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ni ẹni tó ń jí i lè yọ kan kúrò kó sì ní òun ò ṣe tiyín. Iná, sẹ́ńsọ̀, ihò amọ̀, gìgísẹ̀, ìdérí kan fún 40 dé 45, òòfà, ìdérí tí a ń yí kó tó há: ìwọ̀nyí ni kíléèmù 2 sí bíi 10. Bí adájọ́ bá wó ti àkọ́kọ́, ẹ ṣì lè dúró lórí èyí tó ní ihò amọ̀.

Ẹ wá kọ kíléèmù mìíràn fún ìdérí nìkan, pẹ̀lú ètè rẹ̀ tó jìn nísàlẹ̀ ju òkè lọ. Ibi tí owó yín wà nìyí, torí ẹni tó ń ra bàtà kan lè ra ìdérí mẹ́wàá. Abala 6 fún yín ní ẹ̀tọ́ lórí ṣíṣe, kíkó wọlé, títà, lílò àti kíkó ohun tí páténtì bò pamọ́ fún títà. Ẹni tó ń ta ìdérí lásán ní Páńṣẹ́kẹ́ kò ta bàtà kankan. Bí bàtà odindi nìkan ló wà nínú kíléèmù yín, ẹ ò ní rí i mú.

Àlàyé gbọ́dọ̀ kún tó pé ṣúmékà tó mọṣẹ́ á lè fi ṣe é láìbi yín léèrè. Ẹ kó gbogbo ohun tí Ẹnjiníà wí síbẹ̀, torí kíléèmù ò gbọdọ̀ kọjá ohun tó wà nínú àlàyé. Àwòrán márùn-ún tó: bàtà láti ẹ̀yìn, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ní títú, ilé tí a là láàárín pẹ̀lú ìdérí, ilé kan náà láìsí ìdérí, kí ọmọrí inú hàn, àti oríṣi ọ̀nà mìíràn tí ìdérí lè gbà há. Ìlà dúdú ni, kì í ṣe fọ́tò. Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀yà kan nínú àwòrán ni kẹ́ ẹ máa lò fún un látòkè délẹ̀ nínú àlàyé. Ẹ fi ìkéde tí ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí kún un, àti ìwé aṣojú bó bá jẹ́ aṣojú ló ń bá yín fi sílẹ̀.

Ní ti òkèèrè, ọjọ́ tí ìwé yín bá wọlé ní Àbújá ni oṣù 12 bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kó tó pé, ẹ fi ìwé PCT, ìyẹn ìwé kan ṣoṣo tó ń ṣí ọ̀nà sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ránṣẹ́ sí WIPO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ páténtì; á wá fún yín ní oṣù 30 láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn kí ẹ tó wọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Nàìjíríà kò sí nínú ARIPO, kò sì sí nínú OAPI, àwọn àjọ méjì tó ń fúnni ní páténtì fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, nítorí náà ìwé Àbújá kò dé Kutọnu. Láti inú PCT ni ẹ ti máa wọ OAPI fún Benin, àti Gánà fúnra rẹ̀ tàbí ARIPO. Ẹ fi orúkọ ẹ̀dá ènìyàn kọ ìwé PCT yẹn, kì í ṣe orúkọ kọ́ńpìnnì: ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé nílé tó sì jẹ́ ẹnì kan lásán máa ń rí ẹ̀dínkù ìdá 90 nínú 100 lórí owó ìfisílẹ̀ àgbáyé. Bí kọ́ńpìnnì bá wà nínú orúkọ, ẹ̀dínkù náà lọ nìyẹn. Ẹ lè gbé ẹ̀tọ́ lé kọ́ńpìnnì lọ́wọ́ lẹ́yìn náà, ní kíkọ sílẹ̀ àti ìbuwọ́lù tọ̀tún tòsì.

Ìrísí ìdérí, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ bíi dìsáìnì, ìpín 02-04 ti Locarno, ètò àgbáyé tí wọ́n fi ń to dìsáìnì. Ọdún 5 ni, ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀méjì, kó di 15. Ètè àti ojú ọ̀nà kò wọ ibẹ̀, torí dìsáìnì kì í bo ohun tó wà fún iṣẹ́ nìkan. Oṣù 6 péré lẹ sì ní láti gbé dìsáìnì lọ sókè òkun, kì í ṣe 12.

Páténtì ń lo ọdún 20, ṣùgbọ́n owó ọdọọdún wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé, oṣù 6 ni òfin fi ń dúró dè yín kó tó kú. Bí ẹ bá sì gbà á tán tí ẹ ò ṣe bàtà náà jáde, lẹ́yìn ọdún 4 láti ìfisílẹ̀ tàbí 3 láti ìgbà tí ó jáde, èyí tó bá pẹ́ jù, ẹlòmíràn lè lọ sí ilé ẹjọ́ fún láísẹ́ǹsì tipátipá, ìyẹn àṣẹ láti ṣe é bí ẹ ò tilẹ̀ gbà.

Alawo_Lafenwa

Ó yé mi wàyí. Ìbéèrè kan ló kù: a fẹ́ wọ bàtà méjì rìn fún oṣù kan láti dán ihò amọ̀ yẹn wò. Ṣé ìyẹn náà ìta gbangba ni?

Agbejoro_OkeMosan

Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ jáde tí ẹnikẹ́ni lè rí bí ìdérí ṣe ń kúrò, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dán an wò nínú ọgbà iṣẹ́ yín, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fọwọ́ sí ìwé àṣírí wọ̀ ọ́. Ẹ da omi sí amọ̀ fún wọn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yọ ìdérí lẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Àkọsílẹ̀ yẹn á wúlò nígbà tí ẹ bá ń kọ àlàyé. Fáìlì 3D náà, ẹ má gbé e fún ilé ìtẹ̀ tí kò fọwọ́ sí nǹkan kan.

Enjinia_Ojere

Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí amọ̀ náà gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó yọ ìdérí. Amọ̀ tútù kì í fi àléébù hàn.